Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọba ní Chikun: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùdìbò Wò



Bí òbí bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún ọmọ rẹ̀ ní Chikun, ara ògiri ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà páànù orí òrùlé. Àwọn olóṣèlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ó yá kùn bí ògiri nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ Sabon Tasha àti ti àwọn abúlé ọ̀nà Gwagwada, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ètò ẹ̀kọ́ wọn kò yàtọ̀. Ibi tí olùkọ́ gbà láti gbé ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàrin ìlú Kàdúná yóò wá ọ̀nà dé Sabon Tasha. Ẹni tí kò ní alágbàwí ni wọ́n ń rán lọ sí abúlé, òun náà kì í sì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun kúrò. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ni pé kí olùkọ́ kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ. Ní abúlé, olùkọ́ kan lè máa kọ́ kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìlú, àwọn ọmọ ni ó pọ̀ ju àga lọ.

Iye olùkọ́ nìkan kò sì tó wò. Ní ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fún nǹkan bí 33,000 olùkọ́ ní ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin. Àwọn 21,780 ni kò gba máàkì 75 nínú 100. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tako bí wọ́n ṣe lo èsì náà láti lé olùkọ́, ṣùgbọ́n òbí tí ó gbọ́ iye yẹn kò lè gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà, kí ìyá mú ìwé kan fún ọmọ kíláàsì kẹrin láti ilé-ẹ̀kọ́ méjì, kí ó ní kí wọ́n kà á sókè. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun kan tún wà tí ó ju ìwé kíkà lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Kuriga, nínú Chikun yìí kan náà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sínú igbó. Ó di ọjọ́ 24 kí àwọn ológun tó kéde pé àwọn ti gba 137 padà. Òbí Sabon Tasha ń ṣàròyé àga. Òbí Kuriga ń ronú bóyá ọmọ yóò padà wálé lọ́sàn-án.

Òfin ilẹ̀ wa fi ìjọba ìbílẹ̀ sí ara àwọn tí ń pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Olùdíje tí ó bá ní Gómìnà ni ó di òun lọ́wọ́ kò ní àwáwí yẹn mọ́.

Bí àwọn olùdíje bá wá kí ẹgbẹ́ yìí kí ìbò tó dé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ iye olùkọ́ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé mẹ́ta tí ó bá mọ̀, kí ó sọ ilé tí yóò kọ́ fún wọn níbẹ̀, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́.