Ohùn Ta Là Ń Gbọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwo Orin Tó Jáde Lẹ́yìn Ikú Michael Jackson

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, kí àwọn tí kò lè wá lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni, kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ máa ń ká wa mọ́ ibi tí a ti ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn sẹ́yìn-sẹ́yìn lórí síméńtì nígbà tó yẹ kí á máa kàwé alẹ́, ẹ ò ní í gbàgbé ẹni tí à ń sín jẹ. Michael Jackson kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009, ẹni 50 ọdún ni. Ó ń múra eré 50 tó fẹ́ ṣe ní London lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2010, àwo tuntun jáde, wọ́n sọ ọ́ ní "Michael", orin 10 ló wà nínú rẹ̀. Àwo yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: nígbà tí olórin bá kú, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ohùn rẹ̀ nìyí?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó kí ó kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ìròyìn gbòde pé ilé-iṣẹ́ Sony àti àwọn alámòójútó ogún rẹ̀ ti ṣe àdéhùn tó lè tó mílíọ̀nù 250 dọ́là, lórí bí àwo 10. Èyí ò bí mi nínú. Gbèsè ńlá wà lọ́rùn olóògbé náà, ó sì fi ìyá àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ṣé kí wọ́n jẹ́ kí ogún bàjẹ́ ni?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú ènìyàn tó jẹ́. Nígbà tí òun àti Quincy Jones parí "Thriller" ní ọdún 1982, tí wọ́n jókòó láti gbọ́ ọ, kò dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, wọ́n tún àwọn orin náà pò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde. Ọdún márùn-ún ló kọjá kí "Bad" tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1987. Orin tí kò bá tíì tẹ́ Michael lọ́rùn, inú àpótí ló ń gbé. Ìyẹn ni pé orin tí wọ́n bá nínú àpótí náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, orin tí kò tíì fọwọ́ sí ni. Ti Otis Redding yàtọ̀. Òun kọ orin "Dock of the Bay" tán sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ díẹ̀ kí bàálù tó gbé e já lulẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1967. Nígbà tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ti Michael, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ kí àwo tó dé ọjà. Ní oṣù kọkànlá wọ́n gbé "Breaking News" sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ayé gbọ́ ọ tọ́ wò. Mo wà ní pólì nígbà náà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, mo yọ ọ́ létí. Ó jọ ọ́, kò sì jọ ọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù, tó ń sín ohùn ẹ̀gbọ́n yín jẹ: ọ̀rọ̀ náà pé, ìpè náà pé, síbẹ̀ etí ti mọ̀. Michael a máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Èémí rẹ̀ a máa bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lu ìlù. Bí yóò bá gbọn ohùn, ìparí ni, díẹ̀ ni, á sì jáwọ́. Ẹni tó wà nínú orin yìí ń gbọn ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí òtútù mú.

Kì í ṣe etí tèmi nìkan o. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ pàápàá sọ ọ́ síta pé àwọn ò mọ ohùn yẹn mọ́ ọn. Orin mẹ́ta ni wọ́n ń bá jà: "Breaking News", "Keep Your Head Up" àti "Monster". Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ọdún 2007, ní ilé ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní New Jersey, ló ti kọ wọ́n. Agbẹjọ́rò àwọn alámòójútó ogún ní àwọn ti pe àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní stúdíò jọ, àwọn sì ti bi àwọn onímọ̀ ohùn, wọ́n ní Michael ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ṣe jáde pẹ̀lú orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ohùn Michael Jackson ni.

Ní ọdún 2014, obìnrin kan tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ gbé Sony, àwọn alámòójútó ogún àti àwọn tó mú orin náà wá lọ sí kóòtù ní California. Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin yìí! Kò bá wọn jiyàn pé orin dùn tàbí kò dùn. Ó ní ọjà tí òun rà kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹni tó ra gàrí Ìjẹ̀bú, tó délé tó bá gàrí mìíràn nínú àpò, irú ẹjọ́ tó máa rò nìyẹn. Ẹjọ́ náà lọ, ó bọ̀, fún ọdún mẹ́jọ. Ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n yọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí Spotify àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe tìtorí pé ohùn rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ohùn rẹ̀, pé àwọn kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí láti fi ta àwo, ọ̀rọ̀ ọjà ni, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà sì lè mú un. Wọ́n ti parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní oṣù yẹn kan náà. Kò sí adájọ́ tó sọ fún wa títí dòní pé òun ni tàbí òun kọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí lọ́jọ́ náà, ẹnì kan láti ẹ̀yìn bi mí pé ṣebí ọmọ Yorùbá ni mí, ṣé n ò gbọ́ ohùn òkú lẹ́nu alààyè rí ni? Àti egúngún ńkọ́? Gbọ̀ngàn gbẹ̀rín, èmi náà rín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ará ọ̀run á jáde, á fi ohùn abàmì bá wa sọ̀rọ̀, a ó kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbọ́ ohùn egúngún rí tó ní ohùn bàbá òun gan-an nìyí, bí bàbá ṣe máa ń pe òun jẹun? Ohùn náà kì í jọ ti olóògbé, kò sì sẹ́ni tó ní kó jọ ọ́. Gbogbo wa tí a wà lágbo la mọ ohun tí à ń ṣe. Àwo yìí ní tirẹ̀ sọ pé ohùn ọkùnrin náà gan-an ni, ó sì gba owó lọ́wọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù o. "Behind the Mask" dùn: orin àwọn ará Japan, Yellow Magic Orchestra, tí Michael fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún. "Much Too Soon" ti wà láti ìgbà "Thriller", ẹ gbọ́ ọ lálẹ́ tí iná bá lọ, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Ti òun àti Akon, "Hold My Hand", kò burú, ṣùgbọ́n ó ti yọ́ dé ìgboro láti ọdún 2008, kì í ṣe tuntun sí àwa tí à ń tọpa rẹ̀.

Èyí tí mo gbóríyìn fún ni àwo kejì, "Xscape", tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Timbaland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlù tuntun wọ àwọn orin mẹ́jọ kan. Nínú ẹ̀dà tó tóbi, wọ́n tún fi orin mẹ́jọ náà síbẹ̀ bí Michael ṣe fi wọ́n sílẹ̀, láìfi aṣọ bò wọ́n. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn: èyí ni tirẹ̀, èyí ni tiwa, ẹ fi etí ara yín wọ̀n ọ́n. Ó sì ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ti lè kọrin ní ohùn ẹni tó bá wu oníṣẹ́, tòkú-tàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ fi í sínú ìwé ìhágún yín, n ò ṣàwàdà.

Orin tó ṣáájú nínú "Xscape" ni "Love Never Felt So Good", òun àti Paul Anka ló kọ ọ́ ní ọdún 1983. Bí ẹ bá ní àwo náà nílé, ẹ fo èyí tó ní ìlù, ẹ wá ti àtijọ́ lọ. Dùùrù ni, àti ohùn rẹ̀, àti ìka tó ń ta.