Orísun Àwọn Ọ̀rọ̀ Eré ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì



Ní ọjọ́ kan àwa wàásù lòdì sí eré, a sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹlẹ́rìí wa. A ní "amuse," èyí tí wọ́n ń lò fún ohun tí ó mú ara ènìyàn yá, ti inú èdè Faransé àtijọ́ wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí pé kí a mú kí ènìyàn la ẹnu sílẹ̀ kí ó máa wòran bí òmùgọ̀. Òtítọ́ ni. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà á, ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń pè. Ní ayé àwọn ogun wọn àtijọ́, bí ọ̀gágun kan bá fi ọmọ ogun díẹ̀ dí ọ̀tá lójú ní ìhà kan, kí ó lè gba ìhà kejì kọlù ú, wọn a ní ó "amuse" ọ̀tá rẹ̀.

A fi "fun" kún un. Ìrẹ́jẹ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1755, ó kà á sí ọ̀rọ̀ tí kò níyì. "Sport" náà, gígékúrú "disport" ni, èyí tí í ṣe gbígbé ọkàn kúrò lórí iṣẹ́. Ìwàásù náà dùn mọ́ wa púpọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wá dọ̀bálẹ̀. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, kín ni orísun 'nice'?"

A kò lè purọ́. Inú èdè Látìnì ni ó ti wá, aláìmọ̀kan ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó ní: "Òun ni ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ mi lánàá."

Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Orísun ń sọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wá. Ẹnu àwọn tí ń lò ó ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́ nísinsin yìí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn ẹlẹ́rìí tí ó bá tiwa mu nìkan ni a ti pè. A kò pe "game," tí ó túmọ̀ sí ayọ̀ láti àtètèkọ́ṣe. A kò pe "holiday," tí í ṣe ọjọ́ mímọ́ gan-an, nítorí pé ọjọ́ àjọ̀dún Ìjọ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sinmi tí wọ́n sì fi ń ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ní 1618 Ọba James kìn-ín-ní fi ìwé àṣẹ gba àwọn ènìyàn rẹ̀ láàyè láti jó àti láti ta ọfà lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e àwọn ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù. A lọ síbẹ̀. A la ẹnu sílẹ̀, a ń wòran.