Áfàá Inú Ẹ̀wọ̀n

A kò bá bàbá yìí láyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa wá lẹ́kún. Licutan ni, áfàá ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia, ní Bràsíìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí dáwó láti rà á padà. Olówó rẹ̀ kọ̀. Ní 1834, wọ́n tì í mọ́lé nítorí gbèsè olówó rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ilé ẹjọ́, ní 1835, ó ní Bilaalu lòun ń jẹ́. Wọ́n dá pàṣán 1,200 fún un.

Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè, kí ló ń mú wa pa ìrun jẹ? Kí Ọlọ́hun fún wa ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Àmín.