Ìrànlọ́wọ́ fún Òṣìṣẹ́ Yunifásítì tí A Ń Fòòró

Bí a bá dárúkọ yunifásítì, olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ní Lagos Business School tí ó wà ní Ajah, àti ní Pan-Atlantic University tí ó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní yunifásítì gbogbo, òṣìṣẹ́ ni akọ̀wé, awakọ̀, agbálẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà pẹ̀lú. Gbogbo wọn ni òfin dáàbò bò.

Kí ni ìfòòró? Kí ọ̀gá máa bú ènìyàn lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́; kí ó máa fi ìgbéga tàbí ìyọniníṣẹ́ wá ojú rere obìnrin: ìfòòró ni. Ẹni tí irú èyí bá bá kì í rí oorun sùn. Oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè ru.

Bí ó bá délé, àwọn ará ilé a máa wí pé, “Fara dà á, nítorí owó oṣù.” Ìmọ̀ràn yìí kò dára. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ọdún 2019, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan ní Geneva láti fi òpin sí ìfòòró lẹ́nu iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2022. Àdéhùn náà kan ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ síbi iṣẹ́ àti èyí tí ó ń gbà bọ̀ pàápàá. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ fòòró ẹlòmíràn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà dá obìnrin kan láre, ẹni tí a lé kúrò níṣẹ́ nítorí pé ó kọ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tí a ń fòòró kọ ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ tí a sọ àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ sínú ìwé. Kí ó má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù rẹ́. Kí ó mú ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó òṣìṣẹ́, tàbí sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021 lórí ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀ wà fún un. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọkọ àti aya, bí ẹni yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, kí ẹ sì bá a lọ síbi tí yóò ti rojọ́. Owó oṣù dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbà á ṣe pàtàkì jù ú lọ.