Ọ́ìlì Mọ́tò Àgbà Nígbà Òtútù

A ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn kan ń ti ibí lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Mọ́tò tirẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà á fi dé gáréèjì, ọ̀pọ̀ nínú mọ́tò wa sì ti lé lógún ọdún. Nígbà òtútù tó kọjá, àbúrò wa kan pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n yọ owó rẹ̀, wọ́n sì fún un níwèé ìkìlọ̀. Ó ní mọ́tò ni kò sitáátì. A bi í pé ọ́ìlì wo ló rọ. Ó ní 20W-50, bí òun ti ń ṣe nílé.

Nílé, kò ṣe àṣìṣe. Oòrùn Ìbàdàn fẹ́ ọ́ìlì tó ki. Ṣùgbọ́n ẹ rántí epo pupa inú ìgò nígbà ọyẹ́: àfi ká yá a níná kó tó ṣàn.

Lára gálọ́ọ̀nù, nọ́ńbà tó ṣáájú W ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbà òtútù ni W yẹn ń sọ. Bí nọ́ńbà náà bá ti kéré tó ni ọ́ìlì ń tètè ṣàn láàárọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. 20W kì í di òkúta ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ń wọ́. Bátìrì tó ti gbó kò ní lè yí ẹ́ńjìnì dáadáa, kí ọ́ìlì sì tó gòkè dé ibi fálífù, irin ti ń ha irin.

Ẹlòmíràn á wá sáré ra 0W-20 tí wọ́n ń rọ sínú mọ́tò tuntun. A bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Bí ríǹgì bá ti jẹ, ó fúyẹ́ jù: á máa jò, á máa jóná, èéfín búlúù á máa tẹ̀ lé yín káàkiri. 10W-40 ni àwa ń rọ, ó sì bá ọ̀pọ̀ mọ́tò àgbà mu. Ṣùgbọ́n bí ìwé tó bá mọ́tò wá bá sọ ohun mìíràn, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹni tílé rẹ̀ sún mọ́ ibi iṣẹ́ ló yẹ kó ṣọ́ra jù, àwa tí a rò pé a ń tọ́jú mọ́tò. Ìrìn máìlì méjì kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó láti lé omi kúrò nínú ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ògì, ẹ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ má dúró de oṣù tí ẹ fi sí i. Bí omi rédíétọ̀ bá tún ń dínkù, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì; ẹ lọ rí mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Ọ́ìlì àtijọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà. Káńsù níbi tí wọ́n ń gbà á.

Àbúrò wa ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti bátìrì, kò sì pẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ìwé ìkìlọ̀ yẹn ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ni a ó tún bá a wọlé lọ bá máníjà.