Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí PhD
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọmọ ìlú)

Wọ́n ní kí n má pẹ́, mi ò ní pẹ́.

Tí ọmọ bá ti ní òun ń lọ kàwé lókè òkun, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni: ilẹ̀ wo la máa tà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. PhD ò rí bíi másítàsì. Ní Jámánì àti Austria, wọ́n sábà máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ PhD síṣẹ́ ni: á fọwọ́ síwèé àdéhùn, á máa gbowó oṣù, á tiẹ̀ máa san owó orí. Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá máa ń yọ owó ilé-ìwé kúrò, wọ́n á tún fún un lówó tí á fi máa jẹun, kó máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tàbí kó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣèwádìí.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù ni lọ́jíìkì, àti ohun tí wọ́n ń pè ní automated reasoning. Bí a bá ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ẹgbẹ́ lówó kò gbọdọ̀ dìbò, tí a sì mọ̀ pé Táíwò jẹ ẹgbẹ́ lówó, a ò nílò ìpàdé kankan ká tó mọ̀ pé Táíwò ò lè dìbò. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin Táíwò.) Gbólóhùn méjì péré nìyẹn. Tó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ láti ṣe é, kó má sì fo ìgbésẹ̀ kankan.

Kì í ṣe eré o. Ní 1994, wọ́n rí i pé Pentium tí Intel ṣe máa ń ṣi ìṣirò ṣe nígbà míì tó bá ń pín nọ́ńbà. Mílíọ̀nù 475 dọ́là ló ná wọn. Ní Paris, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Line 14 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998 láìní awakọ̀. Àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáàbò bo èrò inú rẹ̀ ò fi mọ sórí ìdánwò nìkan. Ìlànà kan tó ń jẹ́ B ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Ìbéèrè kan sì wà tí Herbert Robbins gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 tó ti àwọn onímọ̀ ìṣirò lọ́rùn. Ètò kọ̀ǹpútà tí William McCune kọ ní Argonne, l'Amẹ́ríkà, ló yanjú ẹ̀ ní 1996.

Ìdí tí mo fi mú un wá síbí ni pé iṣẹ́ yìí ò béèrè láàbù olówó ńlá. Ọpọlọ, ìwé, àti láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́. Isabelle àti Lean, ọ̀fẹ́ ni. Dátà nìkan lẹ máa rà. Ọmọ tó ka ìṣirò, kọ̀ǹpútà, kódà fìlọ́sọ́fì n'Ífẹ̀ tàbí n'Íbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Tó bá fi wọ́n ṣe ẹ̀rí tiórẹ́ẹ̀mù bíi mélòó kan, tó gbé e síbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti lè rí i, lójú tèmi, ó wúlò ju lẹ́tà gígùn tó kún fún "mo jẹ́ ọmọ tó ní ìtara" lọ. Kó wo Max Planck Institute for Informatics ní Saarbrücken, TU Wien ní Vienna, àti yunifásítì Manchester. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ọba, kó bèèrè dáadáa: owó ìrànwọ́ míì ò kọjá iye tí ọmọ onílẹ̀ ń san, ẹni tó bá ti ibòmíì wá ló máa wá ìyókù.

Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó wá kí òun tó bá yín gba àyè PhD, ẹ sá fún un. Tààrà lọmọ ń kọ̀wé sí wọn.

Owó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń ku àwọn òbí kù. Mo bẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wa, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un nínú owó ẹ̀kọ́ ọdún yìí. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ lọ tọrọ tráńsíkírípù yín báyìí. Tí àyè bá jáde, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí wọ́n tó tì í, ẹ sì mọ bí tráńsíkírípù ṣe máa ń pẹ́ tó.