Àyà Jíjá àti Ségesège Ọkàn



Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni oníṣègùn kọ́kọ́ ń gbọ́, ọ̀rọ̀ sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí Yorùbá bá ní àyà òun já, ìbẹ̀rù ni a óò gbọ́. Bí a bá ní ẹnìkan sanra, ìyìn ni. Àkànlò èdè méjèèjì dára nínú ìtàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè bo àrùn mọ́lẹ̀.

Iyàrá mẹ́rin ni ọkàn ní: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá pẹ́ lára, iyàrá ìsàlẹ̀ apá òsì a nípọn, a sì le. Iyàrá òkè tí ń da ẹ̀jẹ̀ sí i a wá ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. A fẹ̀, ẹran rẹ̀ a sì yi. Ọ̀rá kan tún wà tí ó lẹ̀ mọ́ ara ọkàn gan-an, tí awọ kankan kò pààlà láàárín wọn. Ìwọ̀nba rẹ̀ ń fún ọkàn lágbára. Bí ó bá pọ̀ jù, oje ara rẹ̀ a máa mú ẹran iyàrá òkè wú, a sì máa dá àpá sí i. Mànàmáná kékeré tí ń darí lílù ọkàn a wá ṣìnà.

Ẹ rántí gudugudu láàárín àwọn onídùndún. Bí lílù rẹ̀ bá di ségesège, ijó dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni iyàrá òkè: dípò kí ó fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò kàn máa gbọ̀n ni. Ẹ̀jẹ̀ a dúró síbẹ̀, a sì dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, rọpárọsẹ̀ dé. Ìwádìí ti ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tí ó ní àrùn yìí tó nǹkan bí ìlọ́po 5 ti ẹni tí kò ní i.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá pé kí á fi "àyà jíjá" sílẹ̀ fún ìbẹ̀rù, kí á sì pe àrùn yìí ní "ségesège ọkàn". Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì láìsí ohun tí ó bà á lẹ́rù, kí ó má ṣe wá ọ̀tá kiri. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa fi ìka tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ fetí sí bí ó ti ń lù.